Katapílà Tí Ó Wọ Ẹ̀wù Irin
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Accra)

Gbogbo wa ni a mọ katapílà tí ń la ọ̀nà; èyí tí ó wọ ẹ̀wù irin ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi irin tí ó nípọn bo katapílà D7, kí ọta ìbọn má bàa pa awakọ̀ rẹ̀. Wọ́n lò ó ní Normandy, nílẹ̀ Faransé, ní ọdún 1944, láti kó àlàpà àti ìdènà kúrò lọ́nà. Ẹ̀mí ni a fẹ́ fi ẹ̀wù náà gbà là.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń la ọ̀nà náà ni í wó ilé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2003, ní Rafah, katapílà alẹ́wù-irin ti àwọn ọmọ-ogun Ísírẹ́lì pa Rachel Corrie, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà ẹni ọdún 23, níbi tí ó ti ń dènà kí wọ́n má wó ilé àwọn ará Palẹstínì.

Nílé tiwa, àwọn agbófinró tí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ katapílà ni ẹ̀wù irin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Maroko, l'Ékòó, ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé. Ní Accra, lẹ́yìn omíyalé àti iná ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, tí ẹ̀mí tí ó lé ní 150 ṣòfò, a wó apá kan Old Fadama kí odò lè rí ọ̀nà ṣàn. Ó yẹ kí odò ṣàn. Ibo ni kí àwọn ènìyàn gbà?

Ẹnìkan lè wí pé wọn kò ní ìwé ilẹ̀. Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn bàbá wa ni ó bá wí.

Òfin Gánà ti ọdún 1992, abala 20, pàṣẹ pé bí ìjọba bá fi dandan gba ilẹ̀, kí ó san owó gbà-máà-bínú, kí ó sì fún àwọn tí ó ṣí nídìí ní ilẹ̀ mìíràn tí ó yẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀bẹ̀ pé kí irú àánú bẹ́ẹ̀ kan aláìníwèé pẹ̀lú, kí ibùgbé tuntun sì ti wà kí katapílà tó dé.