Bí Ọ́ìlì Bá Ń Jò Níwájú Ẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ kí a wo Morris Minor, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní 1948. Bí ọ́ìlì bá ń jò lẹ́yìn púlì níwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, síìlì tí ń dí ọ́ìlì ló sábà máa ń gbó. Ẹ má fi ṣeré o: bí ọ́ìlì bá jò tán, ẹ́ńjìnnì á kú.

Ẹ tú rédíétọ̀, bẹ́líìtì, púlì àti ìdérí tí síìlì wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ọrùn púlì wò: bí síìlì àtijọ́ bá ti jẹ ẹ́ ní kòtò, tuntun náà á jò. Ẹ fi ọ́ìlì pa ètè síìlì tuntun. Kí ètè náà kọjú sínú ẹ́ńjìnnì.

Nọ́ńbà ìwọ̀n sábà máa ń wà lára síìlì. Ẹ ka ti àtijọ́, ẹ ka ti tuntun, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá lè kà á, èyí tí wọ́n bá nà sí i ni yóò gbà.