Ọmọ Wa Ń Lọ sí Òkè-Òkun: Ohun tí ó yẹ kí Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú Ayépé

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ni ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní òkè-òkun, nítorí pé agbo ilé tí kò ní ọmọ tí ń kó ìwé kiri, tí ń wí pé òun fẹ́ lọ, kò pọ̀ mọ́ ní ìlú yìí. N óò gbìyànjú láti sọ ohun tí yóò wúlò, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́ tán.

Ìrìn-àjò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1925 ni Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ onílé nígbà náà kì í fẹ́ fi yàrá fún aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ni ẹgbẹ́ ọ̀hún fi lépa ilé tirẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i ní 1933. Nítòsí wa níhìn-ín, Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó sì di lọ́yà ní 1946. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọkàn sí ohun kan nínú ìtàn rẹ̀. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ti jókòó ní ilé kàwé fúnra rẹ̀ títí ó fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ òwò. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣòwò, ó ti fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ akẹ́rù. Ó mọ ohun tí òun ń lọ wá, ó wá a, ó sì padà sílé láàárín ọdún méjì.

Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi bí Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Èkó dé Liverpool. Ẹni tí ó bá wà lórí omi fún ọ̀sẹ̀ méjì ní àyè láti ronú. Ọkọ̀ òfúrufú òde òní ń gbé ènìyàn débẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ilé ni a gbọ́dọ̀ ti ro gbogbo ìrònú náà tán.

Ọ̀rọ̀ owó ni n óò pẹ́ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti ń tú. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà 2 ni ó rọ́pò pọ́n-ùn kan ti Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, ní iye tí báńkì ń ṣírò rẹ̀, pọ́n-ùn kan ti Gẹ̀ẹ́sì kò tó náírà 600. Nínú oṣù náà gan-an ni Báńkì Àgbà tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa dá iye lé e. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, pọ́n-ùn kan ti ń sún mọ́ náírà 2,000. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ pọ́n-ùn 15,000, náírà mílíọ̀nù 9 ni bí a bá fi 600 ṣírò. Bí a bá fi 1,900 ṣírò, ó di mílíọ̀nù 28 àti ààbọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò fi kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀, ọmọ kò sì ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá tà kò tó mọ́. Ní ọdún 2024 ni gbogbo ayé gbọ́ ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní Yunifásítì Teesside, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò rí owó wọn san pé nítorí náírà tí ó já. A yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀kọ́, a sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Àwọn ìyá wa mọ ẹ̀súsú dá. Nínú ẹ̀súsú, ẹni tí ó bá wọlé mọ iye tí òun yóò máa dá títí yóò fi kó o. Gbèsè tí a bá fi náírà san fún ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ta ilẹ̀ ẹbí nítorí owó ìdajì ọdún kìíní, kí ẹ máa wí pé Ọlọ́run yóò pèsè ìyókù. Ọlọ́run ń pèsè, ṣùgbọ́n akápò yunifásítì kì í dúró dè É. Kí owó gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà ní àrọ́wọ́tó kí ọmọ tó gbéra, kí a sì ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di pọ́n-ùn tàbí dọ́là ní báńkì. Bí kò bá tó, kí ọmọ ka oyè kìíní ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, kí ó wá lọ ṣe oyè kejì, tí í sábà jẹ́ ọdún kan péré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ọ̀nà tí ó dára jù fún ọ̀pọ̀ ẹbí wa nìyẹn.

Yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ rí owó oúnjẹ àti ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 wọ́n sọ ọ́ di pọ́n-ùn 1,483 lóṣù fún ẹni tí yóò gbé Lọ́ńdọ̀nù, àti 1,136 fún ẹni tí yóò gbé ibòmíràn, fún oṣù 9. Kí ọdún náà tó parí wọ́n tún fi kún un, nítorí náà kí olúkúlùkù wo iye tí ó wà nínú òfin ní ọjọ́ tí ó bá ń kọ̀wé. Owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìsí ọjọ́ kan tí ó dín. Owó ìlera tún ń bẹ, tí ó di pọ́n-ùn 776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù kejì ọdún 2024, a sì ń san án ṣáájú. Ẹ fi àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kún un.

Níhìn-ín ni àwọn kan ti ń wọlé tọ òbí wá, tí wọn yóò ní àwọn lè yá a ní owó tí yóò sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28, kí wọ́n sì gbé e lọ lẹ́yìn náà. Ẹ lé wọn jáde. Bí àṣírí bá tú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà fún ọdún 10. Bí àṣírí kò bá sì tú, ọmọ yóò dé ibẹ̀ láìní owó tí ìwé sọ pé ó ní. Òtútù ilẹ̀ yẹn kò mọ ìwé.

Ẹ óò gbọ́ pé, “Yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.” Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè láàyè fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21, jẹ́ pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ńsì 21 fún wákàtí kan. Bí ó bá rí wákàtí 20 náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ gbogbo, kò ní í tó pọ́n-ùn 1,060 lóṣù. Owó tí kò kájú oúnjẹ àti ilé ni ẹ fẹ́ fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá ṣe ju wákàtí rẹ̀ lọ ní ìkọ̀kọ̀ fi físà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọkọ àti ọmọ kò ṣeé fò. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí ó jẹ́ ti kíláàsì kò lè mú wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí, bí oyè ọ̀mọ̀wé, ni a yọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wẹ́wẹ́ ni àwọn òbí wọn, tí ń kàwé lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lóru, fi fún àwọn òyìnbó tọ́ ní Kent, Sussex àti Essex. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó wá alágbàtọ́. Àwọn mìíràn rí ìyá rere. Àwọn mìíràn dàgbà láìgbọ́ Yorùbá, láìmọ orílẹ̀ wọn, tí wọn ń sá fún àwọ̀ ara wọn. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní 1967 tí a sì fi fún alágbàtọ́ ní Tilbury nígbà tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ 6, ti sọ tirẹ̀ di sinimá ní 2018. Tọkọtaya tí ọ̀kan yóò lọ tí ìkejì yóò dúró gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n tó gba físà: oṣù mélòó ni, ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ, ìgbà wo ni ẹni tí ó lọ yóò padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí ìhà méjèèjì gbọ́ àdéhùn náà.

Nísinsìnyí, ibi tí a óò lọ. Kì í ṣe gbogbo ibi tí a fi odò pààlà sí ni a ń pè ní òkè-òkun rere. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan fi hàn nínú ìwé ìròyìn pé òun gba ìwé oyè yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé oyè Benin àti Togo wò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 wọ́n kéde pé yunifásítì 8 péré, 5 ní Benin, 3 ní Togo, ni àwọn fọwọ́ sí. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́rin kàwé tọkàntọkàn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú mẹ́jọ náà jìyà pọ̀ mọ́ ẹni tí ó rà á. Àríwá Cyprus ńkọ́? Turkey nìkan ni ó ka ibẹ̀ sí orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà kò ní ikọ̀ níbẹ̀, nítorí náà bí wàhálà bá dé, kò sí ilẹ̀kùn ìjọba tiwa tí ọmọ yóò kàn.

Ogun tún lè dé sí ibi tí a kò rò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022 tí Russia kọ lu Ukraine, àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìṣègùn ní Kharkiv àti Sumy wà láàárín rẹ̀. Ní oṣù kẹta ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfúrufú kó wọn wá sí Àbújá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ikọ̀ Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé, kí ó sì fi ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé. Ní ti Amẹ́ríkà, nínú ọdún 2025 ni wọ́n ń mú òfin físà le sí i fún ọmọ Nàìjíríà. Kí ẹnikẹ́ni má san owó fún ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ kí ó tó wádìí ní ojúlé ikọ̀ wọn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣì wà. Ti ìjọba wa, tí ó fi ń rán ọmọ lọ sí Russia, China, Morocco àti ibòmíràn, ni ó kéde ní 2025 pé òun ti fòpin sí. Ti Chevening àti ti Commonwealth kò gba kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá béèrè owó fọ́ọ̀mù wọn, olè ni. Chevening ń béèrè ọdún méjì iṣẹ́ ṣáájú, ó sì ń fẹ́ kí ènìyàn padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba C6 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC dípò ìdánwò èdè mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó san owó ìdánwò.

Kí ọmọ mọ ohun tí yóò bá pàdé bí ó bá ń padà bọ̀. Lọ́yà tí ó kàwé lókè-òkun yóò kọ́kọ́ ṣe apá kìíní ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà. Dókítà yóò ṣe ìdánwò àjọ oníṣègùn wa. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 30 nígbà tí ó gboyè yóò sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó mọ̀ pé ọdún méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyẹn yóò di oṣù 18 fún ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè láti oṣù kìíní ọdún 2027.

Ẹ̀yin ọmọ Ayépé tí ẹ ń gbé lókè-òkun, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí olúkúlùkù yín fún Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní orúkọ ìlú tí ó ń gbé àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ọmọ kan bá ń bọ̀, ẹ gbà á sí ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ bá a wá yàrá, ẹ fún un ní ẹ̀wù òtútù tí ẹ kò wọ̀ mọ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un nípa iye tí ẹ ń gbà àti iye tí ẹ ń san. Àwòrán ọkọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé ti tó.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà wà lórí tábìlì Akọ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.