Gbígbé Ọkọ̀ Ojú Omi Fífẹ̀ Gba Ojú Títì: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe Kí Omi Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ìrànwọ́ díósíìsì bá àwọn ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ ìjọ sọ

Ẹ̀yin lẹ gba àwọn tí omi lé kúrò nílé mọ́ra, ẹ̀yin lẹ pín oúnjẹ àti ẹní fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ awakọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe gbé ọkọ̀ ojú omi ńlá tí a fẹ́ máa fi gba èèyàn là láti etí ọ̀sà l'Ékòó dé etí odò Ọya nítòsí Lọ́kọ́ja, tí ẹnikẹ́ni kò ní fara pa lọ́nà?

Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a kò fi ní dúró kí omi kún ná. Ẹ rántí ọdún 2022. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, omi bo títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ há, àwọn arìnrìn-àjò sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ibi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀nà tí ìrànwọ́ ìbá gbà wá gan-an ni omi gbà lọ́wọ́ wa. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni odò Ọya sábà máa ń kún jù ní agbègbè Lọ́kọ́ja. Nítorí náà, kí oṣù keje tó parí ni ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni fífẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ̀ kì í tètè dojú dé nínú omi, ó sì rọrùn láti gbé arúgbó àti aboyún sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dára lórí omi ló di wàhálà lórí ọ̀dà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní títì ìjọba àpapọ̀ tó bá ìlànà mu, ìlà tí ọkọ̀ kan ń gbà fẹ̀ tó mítà 3.65. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ̀ tó mítà 3, ohun tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ púpọ̀. Níbi tí etí títì ti jẹ, tàbí tí kòtò wà, kò sí àyè tí awakọ̀ lè yà sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù tó bá ti fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 2.6 lọ ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti kọjá mítà 2.9, dandan ni kí ọlọ́pàá gbọ́ ṣáájú. Àwa náà kò ní fi ojú kékeré wo tiwa. A ó kọ̀wé sí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, àti ọlọ́pàá ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, a ó béèrè irú ìwé àṣẹ tó yẹ, a ó sì tọrọ ẹni tí yóò sìn wá.

Ìkejì ni ìwúwo. Ẹ má ṣírò ọkọ̀ nìkan. Ẹ ka ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, ẹ ka tírélà tó gbé e, ẹ ka epo. Lítà 200 epo bẹntiróò nìkan tó nǹkan bí 150 kílò, nítorí náà, ẹ fa epo kúrò, kí ẹ sì tú omi tó bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ dànù. Nínú àpapọ̀ ìwúwo náà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ orí ìkọ́ tí a fi so tírélà mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 3,000 kílò, ìyẹn jẹ́ 300 sí 450 kílò. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí awakọ̀ má tẹ búréèkì lójijì. Kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, kó sì di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin títí yóò fi dúró. Kí ọkọ̀ tó ń fà á tó gbéra, ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá agbára rẹ̀ ká ẹrù náà. Bí kò bá ká a, ẹ jẹ́ ká háyà lowbed.

Ìkẹta ni gíga. Ẹ tú orùlé ọkọ̀ àti eriali sílẹ̀, ẹ wá fi téèpù wọn ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi tó ga jù. Wáyà iná tó rọ̀ pọ̀ ní ìlú wa. A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ọparun gbé wáyà sókè kí ẹrù lè kọjá. Ní ti ìrìn-àjò yìí, a kò fọwọ́ sí i rárá. Bí wáyà bá rọ̀, kí ọkọ̀ dúró, kí a sì pe àwọn òṣìṣẹ́ iná.

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ojúmọmọ nìkan ni a ó rìn. Kí ọkọ̀ kan ṣáájú, kí òmíràn máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn pẹ̀lú àsíá pupa àti iná tó ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 kìlómítà àkọ́kọ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n yẹ bẹ́líìtì, nọ́ọ̀tì táyà àti ìkọ́ wò, kí wọ́n sì súnmọ́ àárín kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń gbóná. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ ń sọ fún yín pé bíárìn rẹ̀ fẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní ìgè tóóró àti ibi tí títì ti yí kọ́rọ́, kí ọkọ̀ iwájú dá àwọn tó ń bọ̀ dúró ná. Ẹ kíyè sára gidigidi láti Kábbà wọ Ọ̀bàjànà, nítorí tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ níbẹ̀.

A kò ní gbàgbé pé ọ̀nà omi wà. Ìjọ tó bá fẹ́ gbé irú ọkọ̀ yìí láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, kó fi awakọ̀ omi tó mọ ọ̀sà wà á lọ. Títì ni a ń gbà níbi tí omi kò bá já.

Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ọ̀nà náà kò pọ̀. Kí ẹni méjì mú téèpù, kí wọ́n wọn afárá tó tóóró jù ní àdúgbò yín, kí wọ́n kọ ibi tí wáyà ti rọ̀ àti ibi tí títì ti jẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ọjà yín mọ́ ọn, kí a má bàa gbé ẹrù fífẹ̀ wọ àárín èrò. Kí ìwé náà dé ọ́fíìsì díósíìsì kí oṣù karùn-ún tó parí. Àwọn tó wà létí odò ń retí ọkọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà wọn ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọn afárá.