Ìmọ́lẹ̀ Là Ń Rà, Kì í Ṣe Megapixel

Lónìí, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó ń yàwòrán lóru la fẹ́ sọ, yálà èyí tó wà lẹ́yìn fóònù tàbí kámẹ́rà gan-an. Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ ká fi alẹ́ kan ṣe òṣùwọ̀n: alẹ́ Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo nínú oṣù kẹjọ. Wọ́n á tan àtùpà elépo náà láàfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, á máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, kábíyèsí á sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ohun tó ń dààmú kámẹ́rà ló pé síbẹ̀: òkùnkùn, iná láàárín òkùnkùn, awọ dúdú, aṣọ funfun, àti ẹsẹ̀ tí kò dúró lójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń rà. Kó bèèrè bí ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà lè gbà ṣe pọ̀ tó kí oníjó tó gbẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyókù, ìpolówó ọjà ni.

Ẹ wo páálí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára ni megapixel: 50, 64, 108. Iye yẹn ń sọ bí wọ́n ṣe gé àwòrán sí wẹ́wẹ́ tó. Kò sọ bí ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, èyí tí à ń pè ní sensor, ṣe fẹ̀ tó. Sensor megapixel 50 kan tó wọ́pọ̀ nínú fóònù owó pọ́ọ́kú fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 5.2, ó ga ní 3.9. Sensor megapixel 50 mìíràn, nínú fóònù olówó ńlá, fẹ̀ ní nǹkan bíi 9.8, ó ga ní 7.3. Ẹ fi ìbú lọ́po gíga, ẹ ó rí i pé ìkejì ju àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, síbẹ̀ “50” ni páálí méjèèjì ń pariwo. Bí ẹ bá wo ìkànnì GSMArena, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ìwọ̀n sensor sí 1/2.76 fún ọ̀kan, 1/1.3 fún èkejì. Bí nọ́mbà ìsàlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni sensor ṣe tóbi tó. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, fóònù á fipá gbé ìwọ̀nba tó rí sókè, àwòrán á wá kún fún hóró bíi gàrí tó dà sórí aṣọ dúdú. Fóònù á tún gbìyànjú láti nu hóró náà kúrò, àti ojú ilà ẹni àti okùn inú aṣọ òkè ni yóò bá a lọ.

Ẹnìkan á ní, “Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, night mode ti yanjú ẹ̀.” Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Google gbé Night Sight jáde fún Pixel ní 2018, Apple fi tiwọn sínú iPhone 11 ní 2019, àwọn Tecno, Infinix àti Samsung náà ní tiwọn. Fóònù á ya àwòrán léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, iye àwòrán ti Google lè tó 15, á wá tò wọ́n léra kí hóró inú wọn lè pa ara wọn rẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ààfin Ọwá Obòkun ní Iléṣà lẹ fẹ́ yà lóru, èyí tó máa gbé jáde á yà yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilé kì í jó. Ẹni tó ń jó ń fẹ́ kí kámẹ́rà ṣíjú kó sì pa á dé láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀, ó ti gbéra, ó tún ti kanlẹ̀. Fóònù á rí i pé àwọn àwòrán náà ò bára mu níbi tí oníjó wà, á ju púpọ̀ nínú wọn nù, á fi ẹyọ kan tàbí méjì ṣe é. Ilẹ̀ àti ògiri á wá mọ́ tónítóní. Oníjó tí a torí ẹ̀ wá ni hóró á bò, bí kò bá tilẹ̀ di èèmọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ṣé ká kúkú lọ ra kámẹ́rà ńlá nígbà náà? Ibí ni owó púpọ̀ ń gbé ṣòfò. Sensor APS-C, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú kámẹ́rà ńlá, tóbi ju ti fóònù olówó ńlá yẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, àmọ́ lẹ́ńsì 18-55 mm tí wọ́n ń tà mọ́ ọn kì í ṣí ju f/5.6 lọ bí a bá fà á débi tó gùn dé (bí nọ́mbà tó tẹ̀ lé f bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ṣí tó). Lẹ́ńsì 50 mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìyẹn ni pé oní-fóònù f/1.8 tó rìn sún mọ́ oníjó lè gba ìmọ́lẹ̀ ju oní-kámẹ́rà tó dúró lókèèrè tó ń fa lẹ́ńsì. Àgbà kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó ní 50 mm f/1.8 lẹ́nu ni mo fara mọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi alẹ́ ṣiṣẹ́, kì í ṣe kámẹ́rà tuntun pẹ̀lú lẹ́ńsì inú páálí.

Fláàṣì ńkọ́? Malick Sidibé, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Mali, fi fláàṣì ya ijó àwọn ọ̀dọ́ Bàmákò lóru láwọn ọdún lẹ́yìn 1960, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Hasselblad ní 2003, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pe fláàṣì ní nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n nínú ilé àríyá ló ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn wà nítòsí rẹ̀, kò sì síná kan pàtó tó fẹ́ kó hàn. Fláàṣì ń dín kù kíákíá: bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kù. Lójú agbo àtùpà, á sọ ẹni iwájú di funfun, á sì pa ẹwà iná epo. Iná epo gan-an, pupa rẹ̀ jìnnà sí ti oòrùn, fóònù tó ń fi agídí sọ ọ́ di funfun ti ba alẹ́ náà jẹ́. Ká má gbàgbé awọ wa: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń fọ fíìmù Kodak fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Google gbé Real Tone jáde ní 2021 kí kámẹ́rà fóònù wọn lè ya awọ dúdú dáadáa. Èmi ò ní fi orúkọ yẹn ra nǹkan kan. Ojú ara yín ni kẹ́ ẹ fi dán fóònù wò.

Ẹni tó jẹ́ ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà nìkan ló ń yà, lójú oòrùn, kó fi owó rẹ̀ pamọ́. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ ti òru, kó ṣọ́ra fún àwọn áàpù tó ní àwọn á jẹ́ kí fóònù máa ríran nínú òkùnkùn, torí kò sí áàpù tó lè mú sensor fẹ̀ sí i. Kámẹ́rà, ibi ìpamọ́ fọ́tò, àti makirofóònù bó bá ń ya fídíò, ni áàpù fọ́tò nílò. Èyí tó bá ń tọrọ àyè sí SMS yín ń wá nọ́mbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́. Ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ní Ọláìyá nílùú Òṣogbo tàbí ní Ẹ̀rẹ́jà nílùú Iléṣà, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù, kí ẹ rí i pé nọ́mbà IMEI tó jáde bá ti páálí mu. Tó bá jẹ́ lẹ́ńsì tòkunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá èèbu ti ta okùn síbẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù, kó ku ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnìkan máa ju ọwọ́, ẹ yà á láìlo fláàṣì, kí ẹ fẹ àwòrán náà lójú débi tí ẹ ó fi rí ìka ọwọ́. Bí ẹni tó ń tà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.