Èédú Òkè-Ògùn Nínú Ilé Wa ní Akówọnjọ



Ní àná, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Akówọnjọ níhìn-ín, mo ń wo àwọn tí ń já àpò èédú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo béèrè ibi tí ẹrù ti wá. Awakọ̀ ní, “Ṣakí ni, bàbá.” Gbogbo wa la mọ ìdí tí èédú fi ń tà: owó gáàsì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, kẹrosíìnì náà sì ti wọ́n gógó. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ilé tèmi náà ní àpò kan.

Ṣùgbọ́n igi wo ló di èédú yẹn? Ní agbègbè Òkè-Ògùn, igi èmì wà lára àwọn tí wọ́n ń gé. Àwọn tí ń sun èédú a to igi jọ, wọn a fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé púpọ̀, kí igi náà lè jó láìdi eérú. Ọ̀pọ̀ kílò igi ló ń lọ sí i kí a tó rí kílò èédú kan. Igi èmì a sì máa tó nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó so. Òwúrọ̀ kan péré ni a fi ń gé e lulẹ̀. Òrí tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí a ń gbé síwájú Ọbàtálá, inú èso rẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn obìnrin ló ń ṣà á, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ tọ́ ọmọ.

Àwọn kan nínú wa ní igi ni àṣà wa, ti òyìnbó ni gáàsì. Ẹ gbọ́ mi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè: nínú “dáná”, iná ni orúkọ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe igi. Ìyá mi fi igi dáná ní abúlé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ikọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilé sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ló kú nítorí èéfín ìdáná inú ilé, tí ó lé ní 237,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn: afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ẹni tó bá gbé e wọ yàrá tí a tì pa.

Ará abúlé tó ń ṣa ẹ̀ka gbígbẹ kọ́ ni mo ń bá wí. Àwa ará Èkó tí à ń ra àpò lé àpò ni.

Ní ọdún tó kọjá, àpò èédú mẹ́sàn-án la lò fún àsè ọdún Ifá. Lọ́dún yìí, mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ yá sílíńdà gáàsì ńlá méjì, kí a dáná ní ìta gbangba, kí a sì fi ohun tó bá ṣẹ́kù ra òrí lọ́wọ́ àwọn ìyá ní Ṣakí. Àwọn olúwo ni yóò pinnu. Èmi ti san ìpín tèmi fún akápò.