Iṣẹ́ Ọlọ́run Wà Nílé Pẹ̀lú



Gbogbo wa la mọ ìtàn Élì. Ó ṣe onídàájọ́ Ísírẹ́lì fún ogójì (40) ọdún, àmọ́ Hófínì àti Fínéhásì, àwọn ọmọ rẹ̀, sọ ẹbọ Olúwa di yẹ̀yẹ́. Èyí tí a kì í sábà wàásù lé lórí ni ti Sámúẹ́lì. Ọ̀dọ̀ Élì ló gbé dàgbà, òun ni Ọlọ́run sì fi ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ilé náà hàn. Síbẹ̀, Jóẹ́lì àti Ábíà, ọmọ tirẹ̀, ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Beeri-Ṣeba, títí àwọn àgbààgbà fi ní àwọn ń fẹ́ ọba.

Lọ́dọọdún ni Sámúẹ́lì ń yí Bẹ́tẹ́lì, Gílígálì àti Mísípà ká. Bíbélì ò sọ pé ìrìn àjò yẹn ló ba àwọn ọmọ jẹ́ o! Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìwà mímọ́ bàbá kì í dédé ran ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí lorúkọ olùkọ́ ọmọ wa? Ta lọ̀rẹ́ rẹ̀? Ṣé ó ń rí i pé a kì í tan ìyá òun jẹ? Owó iléèwé ò lè dáhùn ìyẹn. Ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó ń dá padà lóru ṣì lè ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ àti àdúrà nílé. Bí ìpàdé ìjọ bá bọ́ sí alẹ́ yẹn, ẹ tọrọ àyè. Ìjọ á rí akọ̀wé mìíràn. Ọmọ yín ò ní bàbá mìíràn.