Oyin Tí Kò Ní Baba

 

Oyin ìgbẹ́ kan ń bẹ ní Amẹ́ríkà, Bombus affinis ni orúkọ rẹ̀. Ó tóbi, ó nírun, ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ní àmì tí ó pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Ó ti wà rí ní ìpínlẹ̀ 28. Ó dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ run, ní 2017.

Kí ó má baà run tán láìkà, àwọn onímọ̀ ka ìwé àbínibí tí ó wà nínú ara rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní. Ìwé yìí kò ní ju 4 lọ, A, C, G, T, ṣùgbọ́n ó gùn ju 200 mílíọ̀nù lẹ́tà lọ!

Akọ kan ṣoṣo láti Minnesota ni wọ́n lò. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ akọ? Ẹyin tí kò gba nǹkan kan lọ́dọ̀ akọ ni ó ń di akọ oyin. Kò ní baba rárá. (Ó ní baba ìyá o!) Nítorí náà, ẹ̀dà ìwé kan péré ni ó wà lára rẹ̀. Méjì ni ti abo, ti baba àti ti ìyá, wọn a sì máa dàrú mọ́ òǹkàwé lójú.

Ní 2023 ni ìwé náà jáde. Nísinsìnyí a lè fi í wé ti ìbátan rẹ̀, Bombus impatiens, tí a ti kà ní 2015. Agbègbè kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Èkejì yìí ṣì pọ̀ níbẹ̀ jaburata.